Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Lílo Kọ̀ǹpútà fún Ẹ̀kọ́ Irin Gbígbé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ìka kò dọ́gba. Bí irin kan náà bá ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, aláìlágbára lè fara pa, alágbára kò sì ní tẹ̀ síwájú.

Ní ọdún 1985, Boyd Epley ti Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà ìṣirò kan kalẹ̀. A ó fi 30 pín iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé irin kí ó tó rẹ̀ ẹ́. A ó fi 1 kún èsì rẹ̀, a ó sì fi ìwọ̀n irin náà sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí ni ìfojúdíwọ̀n ohun tí ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí Lágbájá bá gbé kìlò 20 lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí Tàmẹ̀dò gbé 40 lẹ́ẹ̀mẹ́fà, èsì wọn yóò jẹ́ 24 àti 48. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ìdá 70 nínú 100, Lágbájá yóò gbé 16.8, Tàmẹ̀dò yóò gbé 33.6. Ètò Excel lè ṣe ìṣirò yìí fún gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́, Excel kò lè rí ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ lódì. Olùkọ́ ni yóò rí i, tí yóò sì dín irin kù.