Kí A Tó Fi Pólíìṣì Kan Mọ́tò

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti ń sún mọ́lé, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló máa ń lọ fọ mọ́tò láti fi wá owó ìwé àti owó bàtà. Láti SS1 ni èmi náà ti ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ́jọọjọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Pólíìṣì fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tí èèyàn ṣe kó tó ṣí agolo pólíìṣì ló ń tún mọ́tò ṣe, òun náà ló sì ń bà á jẹ́.

KÍ LÓ WÀ LÁRA MỌ́TÒ?

Bí ẹ bá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rò pé ọ̀dà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Rárá o. Irin ló wà nísàlẹ̀. Práímà ló tẹ̀ lé e, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà tó ní àwọ̀, ìbáà ṣe pupa, ìbáà ṣe dúdú. Lókè pátápátá ni ohun tí àwọn péńtà ń pè ní kílíà. Kò ní àwọ̀, ó ń dán bíi gíláàsì, òun ló sì ń gba oòrùn àti òjò sára fún ọ̀dà. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, kílíà kò ju nǹkan bíi 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mílímítà kan. Ìyẹn ni pé kílíà fẹ́lẹ́ ju ojú ìwé kan nínú nótù yín lọ.

Pólíìṣì tó ń mú ìlà kúrò ní ìyẹ̀fun líle kíkúnná nínú. Ńṣe ló ń ha kílíà díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú. Ìgbàkígbà tí a bá lò ó ni kílíà ń dín kù, kì í sì í hù padà bí irun. Tí iyanrìn bá wà lára mọ́tò lásìkò yẹn, iyanrìn la fi ń kùn ún yẹn. Iyanrìn sì le ju gíláàsì lọ, ká má tíì sọ ti ọ̀dà. Ó ti di sánpépà nìyẹn.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI DÙN MÍ

Bàbá mi ní Camry dúdú kan tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó ní Sátidé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé e lọ síbì kan fún pólíìṣì. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku pupa ti bo mọ́tò. Àwọn tó wà níbẹ̀ fi àkísà gbígbẹ nù ún, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ pólíìṣì lé e lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ń dán lábẹ́ ibòji. Ìgbà tó bọ́ sínú oòrùn, ìlà róbótó-róbótó bí òwú aláǹtakùn ló kún bọ́nẹ́ẹ̀tì, kílíà sì ti jẹ tán létí rẹ̀. Pólíìṣì kò lè tún ìyẹn ṣe mọ́, àfi péńtà. Ta ló sì fẹ́ fi mọ́tò tó ti ṣá gbé ìyàwó? Owó tí wọ́n ti tọ́jú fún WAEC ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi kun bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró di ọdún yìí kó tó ṣe ìdánwò. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá kí mọ́tò máa dán lásán?

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

1. Ibòji àti omi. Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ ibòji, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì gbóná, ẹ dúró, torí ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ wá da omi púpọ̀ sí i látòkè wá sísàlẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án. Iyanrìn tí omi bá gbé lọ kò ní ha nǹkan kan mọ́.

2. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán. Ẹ ti ìbọ̀wọ́ microfiber bọ omi ọṣẹ, ẹ fọ apá kan, ẹ ṣàn án nínú omi lásán, kí ẹ tó padà sínú ọṣẹ. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló máa gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí jù. Ohun tí ẹ fi fọ táyà, ẹ má fi kan ara mọ́tò láéláé.

3. Ìdọ̀tí tí ọṣẹ kò ràn. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì máa ń ta sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ sára aṣọ rírọ̀, ẹ rọra nù ún, kí ẹ sì tún fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni ìyẹ̀fun irin tó ń fò jáde látinú bíréèkì. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ kílíà, á sì dípẹtà níbẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ nínú Chemistry: irin, omi àti oxygen. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fọ́n sí i. Tó bá ti kan irin, ó máa ń di àwọ̀ àlùkò. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fomi ṣàn án.

4. Clay bar. Ẹ kó ọwọ́ sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti fọ̀. Tó bá ṣì ń ṣe ṣákiṣàki, ìdọ̀tí ṣì wà. Clay bar rọ̀ bí amọ̀ tí a pò. Ẹ fi omi ọṣẹ sí ara mọ́tò kó máa yọ̀, ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ gbọọrọ, ẹ má yí i po, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá dọ̀tí, ẹ ká a kí ojú tuntun jáde. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kó wọ́n tó. Iyanrìn ti wọ inú rẹ̀.

5. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi táwẹ̀lì mímọ́ gbà á lómi. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ á jáde. Ẹ fi èékánná kàn án: ìlà tí èékánná bá kọ́ ti jìn jù, ẹ má fi pólíìṣì lé e. Ẹ fi tépù onípépà tí péńtà ń lò bo rọ́bà àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí etí ni kílíà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Kí ẹ wá fi pólíìṣì tó rọ̀ jù dán ibi kékeré kan wò, tí kò ju ojú nótù méjì lọ. Tó bá dára, ó kù sọ́wọ́ yín.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí nìdí tí a fi ń da omi sí mọ́tò ká tó fi ìbọ̀wọ́ kàn án?
2. Tí clay bar bá bọ́ sílẹ̀, tí ọ̀gá kò sì rí i, kí lẹ ó ṣe?
3. Oníbàárà kan ní òun ń kánjú, kí ẹ má fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣáà fi pólíìṣì sí i. Kí lẹ ó sọ fún un?

Ìdáhùn tèmi sí ìkẹta rèé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ná, tàbí kí ẹ padà wá lọ́la.” Ó lè bínú lọ. Owó iṣẹ́ kan la pàdánù yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò tìtorí tiwa jókòó sílé lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ fi ìdáhùn tiyín sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn. Ó dìgbà kan ná o.