Àpótí Ìmọ̀: Ìbẹ̀rẹ̀ àti Ìtànkálẹ̀ MS-13

Ẹgbẹ́ ọmọọ̀ta ni àkójọ àwọn ènìyàn tó ní orúkọ, àmì àti àdúgbò tí wọ́n ń fi ipá jẹ gàba lé lórí. Àpẹẹrẹ kan ni MS-13. Àwọn ọ̀dọ́ El Salvador tí ogun abẹ́lé lé kúrò nílé ló dá a sílẹ̀ ní Los Angeles, láàárín ọdún 1980 sí 1989.

Kí ni 13 ń ṣe níbẹ̀? Ka ábídí Gẹ̀ẹ́sì láti A: M ló wà ní ipò kẹtàlá. M yìí ń tọ́ka sí Máfíà Mẹ́síkò, ẹgbẹ́ inú ẹ̀wọ̀n tí MS-13 ń forí balẹ̀ fún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ MS-13 a máa fín 13 sára, kódà sójú.

Ogun abẹ́lé El Salvador parí ní 1992, Amẹ́ríkà sì dá ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà padà sílé. Apá ìjọba El Salvador tí ogun ti sọ di aláìlágbára kò ká wọn. Ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀ dé Honduras àti Guatemala.