Kí A Tó Yá Owó Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa lemọ́lemọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó, yálà ó fẹ́ fi kún ọjà ni, tàbí ó fẹ́ fi ra ilẹ̀, tàbí kó san owó ilé-ìwé ọmọ. Nísinsìnyí, a ń rí ìwé tí wọ́n kọ sí i pé "owó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà", kì í sì í ṣe fún ọmọ nìkan o. Àwọn àgbà tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, tí ọjà wọn ti dẹ̀, náà ń fẹ́ yí iṣẹ́ padà. A kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ná owó náà ló ń kọ wá lóminú.

Arábìnrin kan wà láàárín wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, ó sì ti fún wa láyè kí á sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ta léèsì kó tó yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kan tó gbé pátákó ńlá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà ni, wọ́n ní bó bá ti parí, iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Títẹ̀wé àti lẹ́tà kíkọ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù náà kọ́ ọ. Èèyàn mẹ́ta ló ń pín ẹ̀rọ kan lò, ọjọ́ tí iná kò bá sì sí, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un dára lójú, ṣùgbọ́n kò tíì rí iléeṣẹ́ kan tó béèrè rẹ̀. Gbèsè ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ di bí a ti ń wí yìí, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì sùn dáadáa.

Ẹni tó lè fọwọ́ kan léèsì lásán kó sì mọ èyí tí yóò ṣá lẹ́yìn fífọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni "iṣẹ́ kọ̀ǹpútà". Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ń ṣòwò, ṣé ẹ ò ní bi í pé òwò wo? Ẹni tó ń ta ata kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra páànù ní iye-owó àgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kọ̀ǹpútà rí. Àwọn kan wà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n sì ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn mìíràn ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra wọn káàkiri iléeṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn kan ń kọ àwọn ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìṣirò ọjà àti owó iléeṣẹ́, kí wọ́n lè sọ fún ọ̀gá ohun tó ń tà àti ohun tí kò tà.

Ìṣirò ọjà yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́tí sí. Ẹni tó ti ń kọ ìwé ìtajà rẹ̀ láti ọdún dé ọdún ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Excel tí àwọn kan ń fojú kéré ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí èèyàn bá kọ́ ọ dé gbòǹgbò tí kò dúró sí kíkó iye pọ̀ nìkan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí títú nǹkan palẹ̀, ó lè dára jù fún un kó lọ ṣe ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún laptop ṣe, irú àwọn tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ju kó lọ jókòó sí kíláàsì lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìwé ẹ̀rí, ibi tí owó púpọ̀ ń ṣòfò sí nìyí. Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé tí èèyàn gbà lẹ́yìn ìdánwò tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú méjì. CompTIA A+ jẹ́ ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìdánwò méjì sì ni èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó gbà á. CCNA ti Cisco jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti 2020 ó sì ti di ìdánwò kan ṣoṣo. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìdánwò méjèèjì, ọdún mẹ́ta péré sì ni ìwé ọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́ kí èèyàn tó tún un ṣe. Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní òun ń kọ́ni ní "Cisco", ẹ bi wọ́n léèrè gbangba: ṣé owó ìdánwò wà nínú owó tí à ń san yìí, àbí kò sí níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí níbẹ̀.

Èyí tó tún ń yà wá lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn ń yá owó kọ́ ohun tí wọ́n lè fi ọ̀fẹ́ tọ́ wò. freeCodeCamp ń kọ́ni ní ètò kíkọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014. Cisco fúnra wọn ní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn kì í gba owó lé, Yunifásítì Harvard sì gbé ẹ̀kọ́ CS50 tiwọn síta fún ẹni tó bá fẹ́. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ àwọn tí wọ́n bá yàn nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn lóòótọ́, détà kò sì wọ́n díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi oṣù kan jókòó tì í ní wákàtí kan lálaalẹ́ yóò mọ̀ bóyá inú òun dùn sí i tàbí ó kàn ń wu òun lójú. Ó sàn kí á mọ̀ kí owó tó jáde.

A ò ní tan yín pé ẹni tó bá kọ́ ọ tán ti ríṣẹ́. Ní 2014, iléeṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ètò kíkọ, wọ́n sì ń bá wọn wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ òkè òkun. Nígbà tó di 2019, wọ́n dá bí 400 nínú àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, nítorí pé àwọn tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ wọn ń fẹ́ ẹni tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà, kí ẹni tó ń yí iṣẹ́ padà fi í sọ́kàn pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè pẹ́. A kì í sì í dúnàádúrà ẹja nínú ibú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má pa ìsọ̀ yín tì lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àti ti Sátidé wà.

Bí ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́, ẹ tú u wò bí ẹ ti ń tú aṣọ wò. Ta ni olùkọ́, ṣé òun fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún àbí ó kàn ń kọ́ni? Ẹ̀rọ mélòó ló wà fún èèyàn mélòó? Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó nínú kíláàsì kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ wá ẹni tó ti jáde níbẹ̀ fúnra yín, ẹ má dúró de ẹni tí wọ́n bá mú wá, nítorí ẹni tí wọ́n mú wá ti mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa san díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ lónìí kí ẹ̀dínwó má bàa bọ́, ẹ̀yin náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà rí, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kó kọ orúkọ iṣẹ́ náà gan-an sínú ìwé rẹ̀, kó sì kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ìdánwò, laptop, détà, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọkọ̀. Kó kọ ibi tí owó ìdápadà yóò ti máa wá ní gbogbo oṣù tí iṣẹ́ kò bá tíì dé. Kí àwọn onígbọ̀wọ́ méjèèjì ka ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti kọ ọ́, kó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ ṣáájú ìpàdé, a ó jọ kọ ọ́.