Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí Ọtí Bá Di Bárakú, Tí Ọkàn Kò Sì Balẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ lè jẹ owó tán pátápátá. Ó kan àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ó kan àwọn awakọ̀ tírélà, ó sì kan àwa tí a pàtẹ sí ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹrù rẹ̀ há sí wọ́ọ̀fù. Owó ìdúró ẹrù ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, àwọn tó yá a lówó sì ń wá a wá sílé. Oorun dá lójú rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń já, oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ọ̀rẹ́ kan ní kí ó mu ọtí inú ọ̀rá kan kí ó tó sùn. Ó mu ún, ó sì sùn lóòótọ́. Ọ̀kan di mẹ́ta, mẹ́ta di ìgò ògógóró. Kò pẹ́, ó ń mu ún láàárọ̀ kùtù kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. Nígbà tí ó wá sí ìpàdé, ọtí la rí. A ò rí ìrònú tó wà nídìí rẹ̀.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ ṢE Ń RÌN

Ọtí máa ń mú ara dẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Bí ó bá ti ń dá lójú ẹni, àyà jíjá náà á padà, á sì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oorun ọtí kì í sinmi ara. Onítọ̀hún á jí pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì, á tún nawọ́ sí ìgò. Ìrònú ń bí ọtí, ọtí ń bí ìrònú. Nígbà kan, wọ́n máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó lọ fi ọtí sílẹ̀ ná, kí ó tó wá gba ìtọ́jú ọkàn. Lóde òní, àwọn dókítà gbà pé ó sàn kí á tọ́jú méjèèjì pọ̀. Bí a bá tú okùn kan tí a fi èkejì sílẹ̀, yóò tún lọ́ mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ láìpurọ́:
1. Ṣé mo ti rò ó rí pé ó yẹ kí n dín ọtí kù?
2. Ṣé inú máa ń bí mi bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ sí ọtí mímu mi?
3. Ṣé ọkàn mi ti dá mi lẹ́bi rí nítorí ọtí?
4. Ṣé mo máa ń mu ún láàárọ̀ kí ara mi tó balẹ̀?

Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ rí dókítà. Kì í ṣe ẹjọ́ là ń dá o.

Ẹ MÁ ṢE DÁ A DÚRÓ LÓJIJÌ

Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, kí ó ní òun ti jáwọ́ lónìí. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè mú un. Láti bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ara tí ọtí ti mọ́ ló ń jà. Ó lè pa ènìyàn, nítorí náà ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Dókítà ní oògùn tí yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

ÌTỌ́JÚ ÀLỌ-ÀBỌ̀

"Wọn á tì mí mọ́lé, ìsọ̀ mi á sì kú." Ohun tó ń bà ọ̀pọ̀ lẹ́rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni a lè tọ́jú láti ilé. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan ní Arò, l'Abẹ́òkúta, fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù lọ́sàn-án, wọ́n sì ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo ayé ló wá kọ́gbọ́n níbẹ̀: kì í ṣe dandan kí á yọ aláìsàn kúrò láàárín ènìyàn kí á tó wò ó sàn.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín. Wọ́n lè fi ìwé ránṣẹ́ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907. Ní ọjọ́ ìpàdé, olùtọ́jú á bá ẹ sọ̀rọ̀: aago mélòó ni ọtí máa ń wù ẹ́? Níbo? Lọ́dọ̀ ta ni? Kí ló wà lọ́kàn rẹ ṣáájú ife àkọ́kọ́? Ẹ ó jọ wá ohun mìíràn tí o lè ṣe ní wákàtí náà. Bí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bá yẹ, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà má ṣe jù ú nù ní ọjọ́ kẹta. Má sì ṣe fi ọtí gbé oògùn oorun mì. Ó léwu gidigidi. Bí o bá ṣubú padà, má ṣe torí ìtìjú sá fún dókítà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì ti mú rí, ẹni tó ń sọ pé òun á pa ara òun, tàbí ẹni tí kò ní alábòójútó nílé, ó lè jẹ́ pé wọn á gbà á sí ọsibítù ná. Ẹ má bá wọn jiyàn.

IPA TI ẸGBẸ́

1. Ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ ní gbangba ìpàdé. Kí alága pè é sí kọ̀rọ̀.
2. Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tún ọjọ́ ìsanwó ṣètò. Gbèsè tó ń lé e kiri wà lára àrùn náà.
3. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan máa bá a lọ sí ọsibítù, kí ẹlòmíràn sì máa bá a wo ìsọ̀ rẹ̀.
4. Bí a bá ṣe àsè ìparí ọdún, kí ohun mímu tí kì í ṣe ọtí pọ̀ níbẹ̀.

Fún ìjíròrò: bí onígbèsè bá ń mutí, kí ni onídùúró máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ó ti ran gbèsè náà lọ́wọ́ rí? Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ kí á tètè wò ó.