Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ológbò inú ọgbà ẹ̀fọ́

Ẹ̀yin ọmọ, kí a tó kàwé, ẹ sọ fún ara yín: ta ló ní ológbò nílé? Níbo ni ológbò náà ti ń yàgbẹ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Kétu.

Ẹ jẹ́ kí a kà á.

Àwọn ọmọ CE1 ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìn kíláàsì wọn. Ọgbà náà kò tóbi. Ebè mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: ebè tòmátì kan, ebè ilá kan, ebè tẹ̀tẹ̀ méjì. Àwọn ìyá tí ń se oúnjẹ ní kàntíìnì ló ń fi ẹ̀fọ́ náà se ọbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ bá wà, ọbẹ̀ a dùn. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹ̀fọ́, omi ata lásán ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú 25 fáránkì wá. Olùkọ́ fi owó náà ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, atẹ́gùn lè gbé e lọ. Nítorí náà, àwọn ọmọ pò ó mọ́ iyanrìn díẹ̀, wọ́n sì fọ́n ọn sórí ebè ní ọjọ́ Ajé.

Olùkọ́ ní: "Tí a bá ń bomi rin ín, a óò rí ewé kékeré kí ọ̀sẹ̀ tó parí."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Ìyábọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọgbà. Ó kígbe: "Ẹ wá wò ó o!"

Nǹkan kan ti hú ebè tẹ̀tẹ̀. Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. A ti fi erùpẹ̀ bo ọ̀kan nínú wọn. Akànbí fi igi tú u. Òórùn burúkú jáde.

"Yéè! Ìgbẹ́ ológbò ni!"

Wọ́n tún ebè kọ, wọ́n tún fọ́n irúgbìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ológbò ti tún hú u. Olùkọ́ wo inú ike irúgbìn. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.

Inú bí àwọn ọmọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n sọ ológbò náà lókùúta. Òmíràn ní kí wọ́n fi oògùn eku sínú ẹja, kí ológbò jẹ ẹ́, kí ó kú.

Olùkọ́ mi orí. "Rárá o. Adìyẹ lè jẹ ẹja náà. Ọmọ kékeré lè fọwọ́ kàn án, kó sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Oògùn tó ń pa eku lè pa ènìyàn. Àti pé, ta ló ni ológbò náà?"

Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ológbò Ìyá Alágbàdo ni, èyí dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Ilé ìyá náà wà lẹ́yìn ògiri ilé-ìwé.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, olùkọ́ mú Ìyábọ̀ àti Akànbí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyábọ̀ kúnlẹ̀. Akànbí dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé kò sí nǹkan?"

Ìyábọ̀ ṣàlàyé. Ìyá Alágbàdo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Háà! Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n n kò lè lé ológbò mi dànù. Ẹ wo àwọn àpò àgbàdo yìí. Kí ó tó dé, òròòru ni eku ń lu àpò mi, tí wọ́n ń jẹ ọjà mi. Láti ìgbà tó ti dé, mo ń rí oorun sùn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò hùwà báyìí rí. Orí iyanrìn tí àwọn tó ń mọlé kó síwájú ilé ló máa ń lọ. Oṣù tó kọjá ni wọ́n kó iyanrìn náà tán."

Akànbí fò sókè. "Mo ti mọ̀ ọ́n! Ó ń wá iyanrìn rẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ológbò kì í yàgbẹ́ síbi gbogbo. Ibi tí erùpẹ̀ ti rọ̀, tó gbẹ, tí koríko kò sí, ni ó máa ń wá. Yóò fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ihò, yóò yàgbẹ́, yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ológbò náà kò mọ̀ pé ọgbà ni. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan ló bá a ṣe ilé ìgbẹ́ tó dára.

Ní ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ da iyanrìn gbígbẹ sí ìdí ògiri, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó jìnnà sí ọgbà àti sí kànga. Olùkọ́ fi ọkọ́ kó ìgbẹ́ ológbò kúrò lórí ebè. Kò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án, nítorí ẹyin aràn lè wà nínú rẹ̀. Ó gbé díẹ̀ lára rẹ̀ sórí iyanrìn náà, kí ológbò lè gbóòórùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ri ìyókù mọ́lẹ̀ jìnnà sí ọgbà, nítorí ìgbẹ́ ológbò kì í ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fọ́n ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn tó kù. Ọwọ́ Ìyábọ̀ ń gbọ̀n bó ti ń fọ́n ọn. Bí eléyìí bá tún bàjẹ́, kò sí òmíràn mọ́. Wọ́n to imọ̀ ọ̀pẹ sórí ebè náà, wọ́n sì fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e.

Omi tún ń ran ni lọ́wọ́. Ológbò kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀, nítorí náà ebè tó tutù kì í wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kò rọrùn láti rí. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ní kàntíìnì ni àwọn ọmọ ń gbé wá lárọ̀ọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Akànbí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó kó èèpo ọsàn wá, ó tò ó yí ebè ká, nítorí òórùn ọsàn kì í bá ológbò lára mu. Ní ọjọ́ kìíní, ológbò náà gbóòórùn, ó sì yà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta, èèpo ti gbẹ. Ológbò náà jókòó sórí rẹ̀, ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Akànbí pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyábọ̀ gbé imọ̀ ọ̀pẹ sókè díẹ̀. Ewé kéékèèké ti yọ! Wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ kúrò kí oòrùn lè kan ewé náà. Wọ́n wá ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ káàkiri ebè. Àyè tó wà láàárín igi kan àti èkejì kò ju ìbú ọwọ́ ọmọdé lọ. Ológbò kò rí ibi yí ara padà, kò sì rí ibi gbẹ́ ihò.

Lábẹ́ igi máńgòrò, ipa ẹsẹ̀ kéékèèké wà lórí iyanrìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gé tẹ̀tẹ̀. Àwọn ìyá kàntíìnì fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, ológbò dúdú gba orí ògiri kọjá, eku kan wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ológbò: àwọn mìíràn ń pè é ní ológìnní.
Hú: láti gbẹ́ ilẹ̀ kí ohun inú rẹ̀ jáde.
Ẹ̀kúnwọ́: ohun tí ọwọ́ kan lè kó.
Ajílẹ̀: ohun tí a ń fi sí ilẹ̀ kí ohun ọ̀gbìn lè dàgbà dáadáa.

Ẹ dáhùn

Kí ni àwọn ọmọ fi 25 fáránkì wọn rà?
Kí ló dé tí Ìyá Alágbàdo kò lè lé ológbò rẹ̀ dànù?
Kí ló dé tí ológbò náà fi wá sí ọgbà ní oṣù yìí, tí kì í wá tẹ́lẹ̀?
Èwo nínú ọgbọ́n àwọn ọmọ ni kò pẹ́? Kí ló fà á?

Ẹ ṣe é

Ẹ lọ sí ọgbà tàbí sí ẹ̀yìn ilé yín. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tó sì gbẹ. Ẹ wò ó bóyá ẹ óò rí ipa ẹsẹ̀ ológbò, ti adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́ níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán ipa ẹsẹ̀ náà sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi han olùkọ́ lọ́la.