Ojú ni Òǹkàwé Fi Ń Kàwé: Awò Atọpa-Ojú àti Ọ̀rọ̀ Àmì Ohùn

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni òǹkàwé fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Láti ìgbà tí mo ti wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní Ìlọrin níbí ni mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn kan tí kì í tán láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́: ǹjẹ́ àmì ohùn tí a ń fi sórí fáwẹ̀lì ń ran òǹkàwé lọ́wọ́ ni, tàbí ó ń dí i lọ́wọ́? Àwọn kan ní láìsí àmì, Yorùbá kò ṣeé kà. Àwọn mìíràn ní ṣebí àwọn ènìyàn ń ka ohun tí kò ní àmì pípé lójoojúmọ́, wọ́n sì ń lóye rẹ̀. Ẹnu lásán ni a fi ń ja ìjà yìí. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ni pé ẹ̀rọ kan wà tí a lè fi bi ojú òǹkàwé fúnra rẹ̀ léèrè, ní ibi tí ó ti ń kàwé gan-an.

Kí ni awò atọpa-ojú?

Awò ojú ni, bí èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà kéékèèké wà lára férémù rẹ̀ tí wọ́n kọjú sí ẹyinjú ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Iná kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi ojú rí. Ìmọ́lẹ̀ náà a máa tàn padà lára ẹyinjú. Kámẹ́rà a sì máa wo ibi tí ìtànṣán yìí wà àti ibi tí ọmọ ojú wà. Láti inú méjèèjì ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò apá ibi tí ojú kọ sí. Kámẹ́rà mìíràn wà níwájú awò náà tí ń ya ohun tí ẹni náà ń wò. Nígbà tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó rí fíìmù kan tí àmì róbótó kan ń sáré káàkiri inú rẹ̀: ibi tí àmì náà bá bà lé ni ojú wà. Irú awò bẹ́ẹ̀ lè ya ojú nígbà 50 tàbí 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìwádìí nípa ojú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé ojú kì í yọ̀ geere lórí ìwé. Fífò ni ó ń fò, tí ó sì ń dúró. Edmund Huey ní Amẹ́ríkà lẹ ohun kékeré kan bí ife mọ́ ẹyinjú kí ó tó lè rí ìfò náà kọ sílẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí, ẹni tí a bá fẹ́ wo ojú rẹ̀ ní láti gbé àgbọ̀n lé nǹkan, kí orí rẹ̀ má baà mì. Ta ni ń kàwé bẹ́ẹ̀ nílé? Àǹfààní awò tí a ń wọ̀ ni pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè dìde, kí ó rìn, kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1999, Michael Land àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo irú ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́rí fún àwọn tí wọ́n ń po tíì. Wọ́n rí i pé ojú ń ṣáájú ọwọ́ dé ìdí nǹkan pẹ̀lú bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, àti pé ojú kì í sábà wo ohun tí kò kan iṣẹ́ náà. Ẹ fojú inú wo ohun tí a lè kọ́ bí a bá gbé e fún ahunṣọ-òfì tàbí amọ̀kòkò Ìlọrin!

Ohun tí ojú lè sọ nípa àmì ohùn

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí láìfi àmì ohùn sí i: Aduke n wa ọkọ. Kí ni Àdùkẹ́ ń ṣe? Bí ó bá jẹ́ ‘ń wa ọkọ̀’, awakọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ‘ń wá ọkọ’, omidan tí ó fẹ́ wọlé ọkọ ni. Bí ó bá jẹ́ ‘ń wá ọkọ́’, àgbẹ̀ ni. Nígbà tí òǹkàwé bá dé gbólóhùn kejì tí ó sọ pé igbó ti kún inú oko rẹ̀, ni yóò tó mọ̀ pé ọkọ́ ni. Bí ó bá ti kọ́kọ́ rò pé ọkọ ni, ojú rẹ̀ yóò padà sẹ́yìn.

Ìpadà sẹ́yìn yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Lára àwọn tí ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ti mọ̀ pé ojú ń dúró fún bí ìdámárùn-ún sí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, pé ó ń fo bí lẹ́tà méje sí mẹ́sàn-án, àti pé nínú ìfò 100, bí 10 sí 15 ni ó ń padà sẹ́yìn. Bí kíka ìwé tí kò ní àmì bá mú kí ìpadà sẹ́yìn pọ̀ sí i, a jẹ́ pé àkókò tí òǹkọ̀wé rò pé òun jèrè nígbà tí kò fi àmì sí i, òǹkàwé ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Bí ojú kò bá sì padà, a jẹ́ pé àyíká ọ̀rọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà, kí àwa tí a fẹ́ràn àmì sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ àmì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ọdún 1999 kan náà, Steven Bird gbé àbọ̀ ìdánwò kan jáde lórí èdè Dschang ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ó rí i pé àmì ohùn dín bí àwọn ènìyàn ṣe ń kàwé já geere kù, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ya àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Dschang kọ́ ni Yorùbá: bí ohùn ṣe ń yí padà níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Lẹ́yìn náà, kíkà sókè ni ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹnu sì lè pe ọ̀rọ̀ bó ti yẹ lẹ́yìn ìgbà tí ojú ti sáré padà lọ tún un wò.

Láti ìpàdé Èkó ti ọdún 1875, títí dé ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ ní 1965 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, àwọn àgbà ti fi ìmọ̀ èdè ṣe ìpinnu fún wa. Tiwa ni láti fi ìwà òǹkàwé dán an wò.

Bí a ṣe lè ṣe é

Lójú tèmi, kí a kọ ìtàn kan ṣoṣo ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan pẹ̀lú àmì pípé, ọ̀kan láìsí àmì rárá, ọ̀kan tí àmì wà níbi tí ìtumọ̀ ti lè dàrú nìkan. Kí ẹnì kan má ka ju ọ̀kan lọ, kí ìrántí má baà bá wa ka èkejì. Kí a fún olùkọ́, ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ kà á níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Kí a ya àwọn tí àmì ti mọ́ lára sọ́tọ̀ sí àwọn tí kò mọ́ lára. Ní Ìlọrin, ó tún yẹ kí a wá àwọn tí wọ́n kéú dáadáa: láti kékeré ni wọ́n ti ń wo àmì òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Lárúbáwá. Ǹjẹ́ ojú wọn kò ní yá sí àmì ohùn ju tiwa lọ? Lẹ́yìn kíkà, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìtàn náà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Èkíní, rírí yàtọ̀ sí wíwò. Ojú lè wà lórí ìwé kí ọkàn wà lọ́jà. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Bákan náà, ọmọ tí kò wo ojú bàbá rẹ̀ nígbà tí ó ń bá a wí kì í ṣe aláìgbọràn; àjèjì tí ó bá ka fíìmù awò náà láìmọ àṣà wa yóò ṣì í kà.

Èkejì, oòrùn líle ní irú ìmọ́lẹ̀ tí awò ń lò nínú, ó sì lè da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Abẹ́ òrùlé ni kí a ti ṣe é. A mọ̀ pé ohun dúdú tí àwọn obìnrin ń kùn sí ìpéǹpéjú máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Kí a fi ọgbọ́n bi ẹni tí ó lé tìróò.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Kámẹ́rà iwájú kò mọ ẹni tí ó gbà àti ẹni tí kò gbà. Ìlú ẹlẹ́hàá ni a wà. Kí a má wọ agbo ilé ẹnikẹ́ni pẹ̀lú awò yìí láìgba àṣẹ olórí agbo ilé àti ti ẹni tí ojú rẹ̀ lè hàn, kí a sì pa àwòrán ẹni tí kò gbà rẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, awò yìí kò ní dá ẹjọ́ náà fún wa. Ẹlẹ́rìí lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a kò pe ẹlẹ́rìí sí, ariwo ni. Àwa ni a óò kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìwé kíkà lọ́la. Bí a bá fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àmì sí ọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n má fi í sí i, ó yẹ kí a lè fi ohun tí ojú òǹkàwé ṣe hàn wọ́n, kì í ṣe ohun tí ẹnu wa sọ nìkan.