Eré-ìje Kẹ̀kẹ́ BMX

Ẹ̀yin ọmọ Houinmè, ta ló mọ kẹ̀kẹ́ gùn nínú yín?

BMX jẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó lágbára. Ọdún 2008 ni eré-ìje rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlímpíkì, ní ìlú Beijing. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń sá àṣekágbá. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti ibi gíga, wọ́n á fo àwọn òkìtì yẹ̀pẹ̀, wọ́n á yí kọ́nà. Kí ẹ tó ka oókan dé ogójì, eré ti parí!

Joris Daudet, ọmọ Faransé, lọ sí Òlímpíkì ní 2012. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Ó lọ ní 2016, kò gbà. Ó tún lọ ní 2021, kò gbà. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní 2024, ní Faransé gan-an, ó gba wúrà.

Gbogbo wọn ló ń dé akoto, torí ẹni tó ń sáré lè ṣubú. Ẹ má ṣe sá eré-ìje kẹ̀kẹ́ lójú títì: ọkọ̀ àti zémidjan ń kọjá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun
Akoto: ohun líle tí a ń dé kí orí má bàa fọ́.
Àṣekágbá: eré tó gbẹ̀yìn.

Ìbéèrè
1. Ẹni mélòó ló ń sá àṣekágbá?
2. Ẹ̀ẹ̀melòó ni Daudet lọ kó tó gba wúrà?
3. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí o bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́?